Ìrìn Irin, Létí Odò Szkarpawa

Bàbá mi ní kí n mú òun lọ wo afárá náà
kí òtútù tó dé. "Wo" ló sọ,
ojú tí kò rí àwo ọbẹ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́ta.

Mo wa mọ́tò gba ọ̀nà tóóró inú Żuławy,
ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju òkun lọ,
tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ tọ̀sán-tòru kí ó má baà di adágún,
igi wílò tẹ̀ létí kòtò bí àgbà tó ń wá owó tó bọ́,
ẹyẹ àkọ̀ dúró lórí òpó iná.
Ó fimú fa èéfín ẹja.
"Ilé Bogumiła la ń kọjá yìí."
"Bogumiła ti kú, Bàbá."
"Mo mọ̀. Ilé rẹ̀ ni mo ní."

Afárá náà jókòó lórí òpó kan ṣoṣo láàárín odò.
Àwọn ará Jámánì ló rọ ọ́, orúkọ alágbẹ̀dẹ wọn ṣì yọ lára irin,
ọ̀dà aláwọ̀ ewé bò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò pa á rẹ́.
Wọ́n lọ lọ́dún tí ogun parí.
Àwọn òbí bàbá mi dé láti ìlà-oòrùn
pẹ̀lú màlúù kan àti aago ògiri tí kì í ṣiṣẹ́,
wọ́n bá afárá tí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí a ti ń ṣí i.

Ọkọ̀ ìgbòkun kan fun fèrè.
Ọ̀dọ́ mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kékeré,
wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ tó gùn tó ọmọdé bọ ihò,
wọ́n gbé ọ̀pá dábùú rẹ̀, wọ́n fi àyà tì í.

Irin yìí kò béèrè epo, kò béèrè iná.
Ìrìn ni irin ń bẹ̀:
kí ènìyàn mẹ́rin yípo, yípo, yípo,
kí wọ́n rin ìrìn tí kò mú wọn débì kankan
kí ẹlòmíràn lè dé ibi tó ń lọ.

"Ẹ má fi apá tì í," bàbá mi ń wí fún atẹ́gùn,
"apá á rẹ̀ yín. Ìbàdí ni kẹ́ ẹ lò."
Ètè rẹ̀ ń ka ìyípo. Ní ogójì, ó tutọ́.
Mo rántí: ní ogójì ló máa ń tutọ́.

Afárá kẹ̀yìn sí ojú irin, ọkọ̀ kọjá,
ọmọbìnrin kan juwọ́ sí wa láti inú rẹ̀.
Ọwọ́ bàbá mi ti wà lókè ṣáájú.

Nígbà tí wọ́n ń dá a padà, ó há.
Ó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kí irin ó pàdé irin.
Ksawery, ọ̀gá wọn, fi èjìká kọlù ú,
ó bú èébú tí ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ.
Àwọn èrò ọkọ̀ yọ fóònù.

"Mú mi débẹ̀."
Ó gbé ọwọ́ lé orí irin
bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.
"Oòrùn ló mú un wú. Ẹ bu omi sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Garawa méjì ni wọ́n ní,
àti ìgò kọfí kan. Wọ́n ń pọn, wọ́n ń dà,
bàtà gbogbo wa rin gbingbin,
kò pẹ́, lẹ́yìn tó ti pẹ́ jù,
irin dún: kò!
bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn lóru.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò fẹ́ràn àtẹ́wọ́.
"Wọ́n ti ki ìdè rẹ̀ bọ̀ ọ́?"
Ksawery sáré lọ kì í bọ̀ ọ́.

Nínú mọ́tò, ó tẹ́ ọwọ́ sórí itan,
pupa ìdógùn-ún wà lára rẹ̀, kò nù ún.
A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó sọ̀rọ̀.
"Aago ògiri yẹn, ọwọ́ ta ló wà?"
"Ọwọ́ mi ni."
"Ó ń ṣiṣẹ́?"
"Rárá."
"Ó dáa."